George Shiras, ọdẹ tó ń yìn fótò dípò ìbọn

Ẹni tó bá ti bá ọdẹ rìn lóru mọ bó ṣe máa ń rí. Ọdẹ á so iná mọ́rí, á máa yọ́ rìn. Bí iná bá kan ẹran lójú, ojú ẹran á máa tàn yanran. Ẹran náà ò ní sá, á dúró, á máa wo iná. Ibẹ̀ ni ìbọn ti máa ń dún. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kì í ṣe ìbọn ló ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

George Shiras ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Allegheny, ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1859. Ọmọ olówó ni, ká má purọ́. Adájọ́ ni bàbá rẹ̀, wọ́n sì gbé bàbá náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Òun náà kọ́ iṣẹ́ òfin, àmọ́ igbó ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó kọ́kọ́ dé adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Whitefish Lake, nítòsí Marquette, ní Michigan. Láti ìgbà náà ló ti ń padà lọ ṣọdẹ níbẹ̀.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Ojibwe, ní ọgbọ́n kan. Wọ́n á dáná sínú àwo irin níwájú ọkọ̀ ojú omi, ọdẹ á jókòó sínú òkùnkùn lẹ́yìn iná. Ẹnì kan á máa wa ọkọ̀ láìpariwo. Ẹran tó jọ àgbọ̀nrín wa, tó wá jẹ koríko létí omi, iná nìkan ló máa rí. Ọgbọ́n wọn yìí ni Shiras gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ká má gbàgbé wọn nígbà tí a bá ń yìn ín.

Nígbà tó di bí ọdún 1889, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ fótò wọ igbó. Ọkọ̀ ò yí padà, iná ò yí padà, ẹran náà kọ́ ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ ló yí padà. Ó ń lo ẹ̀tù kan tí wọ́n fi magnésium ṣe. Ẹ̀tù ni lóòótọ́, ó ń bú gbàù, ó ń rú èéfín bí ti ìbọn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ló ń jáde, kì í ṣe ọta. Ẹran á ta gìrì, á sá lọ láàyè. Nígbà mìíràn ó ń gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀: fótò àkọ́kọ́ á mú ẹran níbi tó ti ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́, èkejì á mú un bó ṣe ń fò sókè.

Ó tún ṣe èyí tó dùn mọ́ wa jù. Ó ń na okùn sójú ọ̀nà ẹran, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ fótò àti ẹ̀tù. Ẹran tó bá fara kan okùn á ya fótò ara rẹ̀, nígbà tí Shiras ti lọ sùn! Tàkúté tí kì í pa ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ tàkúté á ti lóye rẹ̀ kíá ju àwa tíṣà lọ.

Ní ọdún 1900, wọ́n gbé àwọn fótò òru rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Paris, wọ́n sì fún un ní mẹ́dáàlì wúrà. Lẹ́yìn náà ó di aṣòfin, ohun tí àwa ń pè ní depité, láti 1903 dé 1905. Ó mú àbá òfin wá ní 1904 pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ tó ń ṣí láti ibì kan dé ibì kan. Wọn ò fọwọ́ sí i nígbà náà. Ọdún 1913 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ tó jáde, òun ti kúrò nílé-ìgbìmọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé-ìròyìn National Geographic tẹ fótò rẹ̀ 74 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bí méjì nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìwé-ìròyìn náà, wọ́n fi ipò sílẹ̀, torí lójú tiwọn ìwé àwọn onímọ̀ ti di ìwé àwòrán. Àwọn òǹkàwé ní tiwọn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ó rọrùn fún ọmọ adájọ́ láti gbé ìbọn sílẹ̀, torí ẹran kọ́ ló fi ń bọ́ ọmọ. Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tíṣà, bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ pé ta ló ti fojú rí àgbọ̀nrín láàyè, ọwọ́ tó ń nà sókè ò pọ̀ mọ́. Inú àlọ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Shiras fi gíláàsì fótò bí 2,400 sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ National Geographic ní 1928. Ní 1935 ó kó ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé alápá méjì. Wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe irú ẹran kan tó rí ní Yellowstone, ẹran oníwo tó ga ju ẹṣin lọ. Ó kú ní Marquette ní oṣù kẹta ọdún 1942, lẹ́ni ọdún 83, kò jìnnà sí adágún omi tó kọ́kọ́ dé nígbà tó wà lọ́mọdé.