Ìtàn Ìgbésí Ayé Muda Lawal, Agbábọ́ọ̀lù Àárín Pápá

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ wa, àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí a mọ ìtàn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará iwájú.

Ní ìlú Abẹ́òkúta ni a bí Mudashiru Babátúndé Lawal, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ọdún 1954. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Nínú ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìwó wa yìí, ni ó ti di olókìkí. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ náà borí Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì gba Ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tí ó ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ó bá ilẹ̀ wa lọ sí Etiópíà fún ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ọdún méjì-méjì ni ìdíje náà ń wáyé, Muda kò sì pa ọ̀kan jẹ: Gánà ní 1978, Nàìjíríà ní 1980, Líbíà ní 1982, Ivory Coast ní 1984. Ìgbà márùn-ún ni, léraléra.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, ọdún 1980, ní Sùúrùlérè ní Èkó, Nàìjíríà fi góòlù 3 sí òdo borí Àlgéríà, ó sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda sì gbá ẹ̀kẹta. Ní àṣekágbá ti ọdún 1984, òun ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù gbá mẹ́ta wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ife sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Muda kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ọdún 1991, ní ẹni ọdún 37. A fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré kan ní Abẹ́òkúta.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àárín ni olùkọ́ pẹ̀lú dúró sí: a gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, a sì fà á lé ayé lọ́wọ́. Bí ẹlòmíràn tilẹ̀ gba ìyìn, ẹ jẹ́ kí a máa jẹ́ ìpè wa nígbà gbogbo, bí Muda ti ṣe.