Chris Seydou: Aránṣọ ọmọ Mali tó gé aṣọ ẹrẹ̀ bá ara obìnrin mu

Nígbà tí wọ́n bí Chris Seydou ní ọdún 1949, aṣọ ọdẹ àti aṣọ ètùtù ni wọ́n mọ bogolan sí ní ilẹ̀ Mali. Nígbà tí ó fi jáde láyé ní ọdún 1994, aṣọ yìí kan náà ti di jákẹ́ẹ̀tì, síkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀wù àwọ̀lékè tí àwọn obìnrin ìgboro ń wọ̀ ròde. Kì í ṣe òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń ka àwọn tó ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde.

Ìbéèrè méjì ni obìnrin máa ń bi ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣí àpótí aṣọ: ṣé èyí yẹ mí, ṣé ó sì yẹ ibi tí mò ń lọ? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni iṣẹ́ Seydou dá lé. Ìdáhùn wọn kò rọrùn fún un, nítorí pé aṣọ tí orúkọ rẹ̀ mọ́ jù lọ ti ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ti ní ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, kí àlùmọ́gàjí rẹ̀ tó kàn án.

Ọmọ ìyá oníṣẹ́ abẹ́rẹ́

Seydou Nourou Doumbia ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Kati ni wọ́n bí i sí, ìlú tí àgọ́ ọmọ ogun wà, tí kò sì jìnnà sí Bamako tí í ṣe olú-ìlú. Ìjọba Faransé ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ọmọ ọdún 11 ni Seydou nígbà tí Mali gba òmìnira ní ọdún 1960.

Ìyá rẹ̀ a máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú kó ọnà sára aṣọ, ìwé ìròyìn oge láti òkè òkun a sì máa wọ ilé wọn. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aránṣọ ńlá ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1965, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Kati tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cheickene Camara. Kò ju ọdún 3 lọ lẹ́yìn náà tí ó fi ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ouagadougou, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí. Ní ọdún 1969, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Abidjan ní Côte d'Ivoire.

Abidjan, ìlú tí òde pọ̀ sí

Láti Dakar títí dé Èkó, oníbàárà ló sábà máa ń ra aṣọ fúnra rẹ̀ lọ́jà, tí yóò sì gbé e lọ bá aránṣọ. Aránṣọ yóò fi tépù wọn èjìká, àyà, ìbàdí àti gígùn rẹ̀, yóò sì béèrè irú òde tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ní ìdí iṣẹ́ yìí, ara ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń wò, aṣọ ló ń tẹ̀ lé e. Aránṣọ tí kò bá mọ ara wò, ọjà rẹ̀ kì í tà.

Ibi tí irú ìmọ̀ yìí ti níye lórí gan-an ni Abidjan. Ìlú èbúté ni, owó kòkó àti kọfí sì ń wọlé níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn obìnrin tó lókìkí tó sì lẹ́nu láwùjọ wà lára àwọn oníbàárà Seydou. Obìnrin kan náà lè lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, kí ó lọ sí ibi oúnjẹ alẹ́ àwọn ọlọ́lá lálẹ́, kí ó sì lọ bá wọn ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ní òpin ọ̀sẹ̀. Aṣọ ọ̀kan kò lè ṣe aṣọ èkejì. Èyí tó fún mọ́ni lára níbi oúnjẹ alẹ́ lè di àbùkù níbi tí a ti ń ṣọ̀fọ̀.

Lójú ọ̀nà iṣẹ́ yìí ni ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó mú Chris láti ara orúkọ Christian Dior, aránṣọ Faransé tí gbogbo ayé mọ̀ láti ọdún 1947 fún ẹ̀wù tó fún mọ́ ìbàdí, tó sì gbòòrò nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ Seydou nù, nítorí pé orúkọ tí àwọn ẹbí rẹ̀ fún un ni. Ẹ̀kọ́ òkè òkun àti ti ilé ni ó so pọ̀ nínú orúkọ náà, ohun tí ó sì wá fi aṣọ ṣe lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí i.

Aṣọ ilé nínú ìlú àjèjì

Ní ọdún 1972, ó kọjá sí Paris láti lọ mọ̀ sí i nípa ìránṣọ àwọn ọlọ́lá. Ní àwọn ilé aránṣọ ńlá ìlú náà, ara ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń rán aṣọ kan fún. Wọn a fi òwú so ó pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ni ín a wọ̀ ọ́ wò, wọn a tú u, wọn a tún un ṣe, títí yóò fi bá ara rẹ̀ mu láìkù síbì kan. Ní Paris náà ni ó ti pàdé àwọn aránṣọ mìíràn tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, tí wọ́n sì jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ wọn lè di mímọ̀.

Nígbà tí ó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ nílé láàárín ọdún 1973 sí 1974, wọ́n fún un ní aṣọ bogolan mélòó kan. Ní Mali, kò fi ojú aṣọ tí a lè fi rán ẹ̀wù oge wò ó rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé Paris, àwọn aṣọ náà di ohun tó ń rán an létí ilé. Láàárín ọdún 1975 sí 1976 ni ó fi àlùmọ́gàjí kàn wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ló mú kí ó ṣòro láti gé bogolan?

Ní èdè Bámbárà, ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ni aṣọ tí a fi ẹrẹ̀ ṣe. Àwọn ọkùnrin ló máa ń hun òwú rẹ̀ ní ìlà tóóró tóóró, tí wọn yóò sì rán àwọn ìlà náà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí a ti ń ṣe aṣọ òfì. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni kíkùn rẹ̀. Wọn a rẹ aṣọ náà sínú omi ewé igi kan, ìyẹn igi àyìn tí àwọn Yorùbá fi ń rin ẹnu, aṣọ náà a sì pọ́n bí ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni wọn a mú ẹrẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, wọn a fi kun àyíká ọnà tí wọ́n fẹ́ kó hàn. Irin tó wà nínú ẹrẹ̀ a bá omi ewé náà dàpọ̀, a sì di dúdú tí omi kì í fọ̀ kúrò. Àyíká ọnà ni wọ́n ń kùn, ọnà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Níkẹyìn ni wọn a fi èròjà mìíràn pa àwọ̀ ìyeyè tó kù rẹ́, kí ọnà náà lè funfun.

Aṣọ yìí ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa wọ̀ ọ́ fún ààbò nínú igbó. Wọ́n a máa ró o fún ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dábẹ́ fún, nítorí ìgbàgbọ́ pé aṣọ náà lè gba agbára eléwu tó ń bá ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́ra. Ó wà fún ìgbéyàwó, ó wà fún ìbímọ, ó sì wà fún ìsìnkú. Ọnà ara rẹ̀ ní orúkọ, ó ní ìtumọ̀, ìyá ló sì ń fi kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nítorí náà, ẹni tó bá gé e kò kàn gé òwú lásán. Ó lè gé ọ̀rọ̀ kan sí méjì, ó sì lè mú aṣọ kúrò ní ọjọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Seydou mọ èyí, ìdí sì nìyí tí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ́kọ́ lọ́ra.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti iṣẹ́. Bogolan nípọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ọnà apá ọ̀tún rẹ̀ kì í dọ́gba pẹ̀lú ti apá òsì. Oríṣiríṣi ọnà ló sì máa ń kún ojú aṣọ kan ṣoṣo. Bí obìnrin bá ró o ní ìró, kò sí wàhálà, nítorí pé aṣọ náà wà lódindi. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi rán jákẹ́ẹ̀tì, apá, àyà àti ẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn jà.

Aṣọ ni a ń gé, a kì í gé ara

Ọ̀nà tí Seydou gbà yanjú rẹ̀ ni pé ó yan ọnà kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀, ó sì jẹ́ kí ọnà kan náà gba ojú aṣọ. Ojú ẹni tó ń wòran rí ibi ìsinmi, aránṣọ náà sì rí ọ̀nà láti pinnu ibi tí ọnà yóò bọ́ sí lára obìnrin.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ránṣọ mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ibi tí ọnà ńlá bá wà ni ojú kọ́kọ́ ń lọ. Bí ó bá wà ní ìbàdí, ìbàdí yóò dà bí èyí tó fẹ̀ sí i. Obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ tínrín lè fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ ti gbòòrò tẹ́lẹ̀ lè fẹ́ kí ọnà náà gòkè sí èjìká. Ọ̀pọ̀ aránṣọ gbà pé ìlà tó dúró lóòró máa ń mú kí ènìyàn ga lójú, pé èyí tó dùbúlẹ̀ a sì máa mú un fẹ̀. Àwọ̀ dúdú máa ń pa ojú mọ́, funfun a sì máa pè é. Aṣọ tó nípọn kì í ṣẹ́ po dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró ṣánṣán, nítorí náà ni ó ṣe dára fún jákẹ́ẹ̀tì, síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú àti ẹ̀wù àwọ̀lékè gígùn. Irú àwọn ẹ̀wù wọ̀nyí gan-an ni Seydou fi bogolan rán, títí kan èyí tó gbá àyà mú tí kò lápá.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò sì dùn bíi kó yẹni. Bí aṣọ kò bá yẹ ènìyàn, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ara. Obìnrin tó sanra, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ga àti èyí tó kúrú, olúkúlùkù ni ó ní ibi tí àlùmọ́gàjí ti yẹ kó gbà kí aṣọ tó lè bá a mu.

Bamako gba ọmọ rẹ̀ padà

Seydou padà sí Abidjan ní ọdún 1981. Nígbà tí ó di ọdún 1990, ó padà sí Bamako pátápátá, kí ó lè súnmọ́ ibi tí aṣọ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti ITEMA, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Mali, jọ ṣe aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọnà bogolan sí.

Ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú èyí. Aṣọ ẹ̀rọ fúyẹ́, ọnà rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì lè fi rán ẹ̀wù fún ọjọ́ tí oòrùn mú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹrẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí omi ewé, kò sì sí ọwọ́ ìyá tó kun ún. Ọnà tí ọmọbìnrin ń kọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ti di ohun tí a ń wọn lópòó lọ́jà. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìgboro bẹ̀rẹ̀ sí í fi bogolan yangàn. Nígbà tí ìjọba ológun Moussa Traoré ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1991, tí ara ìlú ń wá ohun tí wọn yóò fi sọ pé ọmọ Mali ni àwọn, aṣọ náà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n.

Chris Seydou kò pẹ́ láyé. Ó kú ní ọjọ́ 4, oṣù kẹta, ọdún 1994, ní ọmọ ọdún 44. Ọdún 4 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Alphadi, aránṣọ olókìkí ní Niger, dá àjọ̀dún oge FIMA sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ náà, níbi tí àwọn aránṣọ Áfíríkà ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún gbogbo ayé. Ọ̀nà tí irú wọn ń tọ̀, Seydou wà lára àwọn tó là á.

Obìnrin tó bá fẹ́ rí ànfààní nínú ìtàn yìí kò nílò láti ní bogolan. Yálà àdìrẹ ni, yálà òfì, yálà àǹkárá tàbí léèsì, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí aṣọ náà jẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ wọ̀ ọ́. Kí ó sọ òde tí ó ń lọ fún aránṣọ rẹ̀. Kí ó sì dúró kí aránṣọ náà wo èjìká àti ìbàdí rẹ̀ dáadáa, kí ó gbé aṣọ lé e lára wo ibi tí ọnà yóò bọ́ sí, kí ó tó mú àlùmọ́gàjí.