Anna Hinderer: Àlejò tó kọ́lé sí Kúdẹtì

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọmọ Ìbàdàn láti lóye. Ẹni tó bá mọ Ọjà'ba mọ̀ pé bó ti wù kí ọjà kún tó, ilẹ̀ á ṣú, oníkálukú á sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn kan wá rò pé Kristẹni tó bá ń retí ọ̀run kò ní í ka ayé sí. Ìgbé ayé Anna Hinderer, obìnrin òyìnbó tó gbé Kúdẹtì, nítòsí Ọjà'ba àti Mápó, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1827 ni wọ́n bí i ní Hempnall, lágbègbè Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere fún C.M.S., tó sì ti wá wo Ìbàdàn ní 1851. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1853, tọkọtaya náà wọ ìlú wa.

Anna kò bímọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilé rẹ̀ fi kún fún ọmọ. Akínyẹlé àti Yéjídé, ọmọ Olóyè Olúnlọ́yọ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá ni àwọn ọmọ náà ń pè é.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí. Owó àti ẹrù kò wọlé mọ́. Ebi dé, àìsàn dé. Ẹrù inú ilé wọn ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí oúnjẹ ra. Síbẹ̀, iṣẹ́ ò dúró. David yìí kan náà ló túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìtàn arìnrìn-àjò tó fi ìlú ìparun sílẹ̀, tó ń lọ sí ìlú ọ̀run.

Ní 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán àwọn èèyàn wá. Wọ́n gbé Anna gba inú igbó dé Èkó, ó sì wọkọ̀ lọ sílé. Ara rẹ̀ kò le mọ́. Ta ni ì bá bá a wí ká ní ó jókòó sọ́hùn-ún? Ṣùgbọ́n ó tún padà sí Kúdẹtì.

Àìsàn ló lé wọn kúrò pátápátá ní 1869. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 1870, Anna kú ní Norfolk, lẹ́ni ọdún 43.

Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà sí iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n fi ìjọ sílẹ̀ fún. Òun náà di àlùfáà, kò sì kú títí di 1912. Ṣọ́ọ̀ṣì St. David's ṣì wà ní Kúdẹtì dòní.

Ọlọ́jà tó mọ̀ pé ilẹ̀ máa ṣú kì í káwọ́ gbera. Ńṣe ló ń yára tajà. Bí Anna ṣe lo ìrètí ọ̀run nìyẹn: ó mọ̀ pé òun ò ní í pẹ́ lọ́jà, ló bá fi gbogbo ìgbà tó kù tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.