BASIL SCHONLAND ÀTI Ẹ̀RỌ RÉDÀ ÌLÚ JOHANNESBURG

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa yìí ni ìtàn ìgbésí-ayé Basil Schonland mú wá sí mi lọ́kàn.

Ìlú Grahamstown, ní Gúúsù Áfíríkà, ni a gbé bí i ní ọjọ́ 5, oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1896. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wà lára àwọn ọmọ-ogun tí ń fi wáyà àti rédíò ránṣẹ́. Lẹ́yìn ogun, ó tún kàwé ní Cambridge, ó sì padà sílé láti máa kọ́ni.

Mànàmáná ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí àrá bá ń sán, tí àwọn ẹlòmíràn ń sá wọlé, kámẹ́rà ni Schonland ń gbé dúró dè é. Àwòrán rẹ̀ fi hàn pé iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ a kọ́kọ́ máa sọ̀kalẹ̀ láti inú ìkùukùu ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, kí iná ńlá tó gba ọ̀nà kan náà gòkè láti ilẹ̀.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 1939, orílẹ̀-èdè rẹ̀ wọ Ogun Àgbáyé Kejì. Etíkun wọn gùn lọ jàra, ṣùgbọ́n wọn kò ní rédà, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì rédíò wá ohun tí ojú kò tó. Ernest Marsden, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti New Zealand, ń kó ìwé àṣírí nípa rẹ̀ kọjá lọ nínú ọkọ̀ òkun. Schonland wọ ọkọ̀ náà ní Cape Town, ó sì ń ka àwọn ìwé náà títí wọ́n fi dé Durban.

Ní Johannesburg, ní Yunifásítì Witwatersrand, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ díẹ̀ jọ, G. R. Bozzoli wà lára wọn. Ohun tí àwọn tí ń fi rédíò dárayá ń rà lọ́jà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yà kan ń rán ìgbì jáde, òmíràn ń gbà á padà, òmíràn sì ń fi í hàn lójú gíláàsì. Bí ó ti wù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dára tó, bí wáyà kò bá so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, òkú ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 16, oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1939, ìgbì wọn lu òkè Northcliff, ó sì padà wá. Ní ọdún 1940, a gbé irú ẹ̀rọ náà lọ sí Mambrui ní Kẹ́ńyà láti máa ṣọ́ òkun.

Ní 1945, Schonland di olórí àkọ́kọ́ fún CSIR, àjọ ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 24, oṣù Nòfẹ́ńbà, ọdún 1972.

Ohun kan bani nínú jẹ́. Ní 1959, ìjọba ṣe òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ mọ́ láìgba ìyọ̀ǹda mínísítà. Ilẹ̀ tí ó mọ bí a ti ń so ẹ̀yà ẹ̀rọ pọ̀ ni ó ń já àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lára ara wọn.

Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi okùn wáyà pẹlẹbẹ so pátákó ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, láti ilẹ̀ yòówù tí ẹ ti wá, bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ìsopọ̀ wáyà, ẹ má ṣe gbàgbé ìsopọ̀ ènìyàn.