Délé Giwa, ọmọ alágbàfọ̀ tí wọ́n fi àdó olóró pa

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà lájò, ọ̀rọ̀ Délé Giwa kàn wá gan-an. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1947, ṣùgbọ́n ará Ugbekpe-Ekperi, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, ni bàbá rẹ̀. Àlejò ni wọ́n ní Ifẹ̀, bí àwa náà ṣe jẹ́ níbi tá a wà yìí. Bàbá ṣiṣẹ́ láàfin Ọọ̀ni Adérẹ̀mí, ó tún ṣe alágbàfọ̀ ní Oduduwa College, ibẹ̀ náà lọmọ ti kàwé.

Ó kàwé dé Amẹ́ríkà, ó padà wálé ṣiṣẹ́ ní Daily Times àti Concord. Lọ́dún 1984, òun àtàwọn mẹ́ta míì dá Newswatch sílẹ̀. Kò bẹ̀rù ṣọ́jà.

Lọ́sẹ̀ tó kú, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pè é, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Lọ́jọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹwàá, 1986, wọ́n gbé lẹ́tà ńlá kan wá sílé rẹ̀ n'Ìkẹjà. Bó ṣe ń ṣí i ló bú gbàù. Ẹni ọdún 39 ni.

Lọ́yà rẹ̀, Gani Fawehinmi ọmọ Oǹdó, fẹ́ pe àwọn ọ̀gá ṣọ́jà méjì lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí ló kàn án níbẹ̀? Kóòtù tó ga jù dáhùn lọ́dún 1987 pé ó kàn án, pé aráàlú yòówù lè pe ẹni tó bá fura sí pé ó pààyàn lẹ́jọ́. Inú wa máa ń dùn tá a bá rántí èyí, torí Gani kì í ṣe mọ̀lẹ́bí Délé rárá.

Ugbekpe-Ekperi ni wọ́n sin ín sí. Títí dòní, kóòtù ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀.