REX JIM LAWSON: OLÓRIN TÍ KÒ DÉ WARRI

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa, kí ó gbọ́ ìtàn Erekosima Rex Jim Lawson, ọmọ Kalabari, tí gbogbo ayé ń pè ní Kádínà. Ọkùnrin yìí a máa kọrin lórí pèpéle, omi a sì máa dà pòròpòrò lójú rẹ̀, síbẹ̀ orin kò ní dá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ bi mí pé kí ni ìwé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ń wá lọ́dọ̀ olórin Kalabari. Ìbéèrè tó dáa ni. Èsì mi ni pé Ogunu ní ìlú Warri ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá mọ Ogunu mọ̀ pé ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ epo Shell kọ́ ibùdó ńlá sí, iṣẹ́ sì kó ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ sí àdúgbò náà. Nínú ọgbà tí a gbé, Ìṣẹ̀kírì wà, Urhobo wà, Ìjọ̀ wà, Ìgbò àti Ẹdó wà, àwa ọmọ Oòduà náà kò sì gbẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn bàbá wa a gbé àga síta, wọn a kó àwo orin àtijọ́ jáde, àríyànjiyàn a sì bẹ̀rẹ̀.

Olúkúlùkù a máa polówó ti ìlú rẹ̀. Ará Ẹdó a bèèrè pé ta ni ì bá ta gìtá bíi Victor Uwaifo, ẹni tí iléeṣẹ́ Philips fún ní àwo wúrà nítorí orin rẹ̀, Joromi. Ìgbò a ní ẹni tí kò bá tíì fi ara balẹ̀ gbọ́ Osita Osadebe àti Celestine Ukwu kò tíì gbọ́ háíláìfù. Àwọn bàbá tiwa a dáhùn pé Victor Olaiya ni ọba, kí onítọ̀hún lọ jókòó. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi àwo Rex Lawson sórí ẹ̀rọ, kẹ́kẹ́ a pa. Kì í ṣe pé gbogbo wọn gbọ́ Kalabari o. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ju orúkọ Ọlọ́run lọ nínú rẹ̀. Bí àwo náà bá sì tán, ìjà tuntun a tún dé: èwo ló dùn jù nínú àwọn orin Rex fúnra rẹ̀?

Ìlú Buguma, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Rivers lónìí, ni Rex ti wá. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Kalabari ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀, láti agbègbè Owerri. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdílé yìí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá di ẹrù lórí ọmọ náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ikú ti kó àwọn ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ, èyí ló fà á tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Erekosima, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò ògbufọ̀ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ní Kòsọ́kọ́, Málọmọ́ àti Dúrójayé mọ ohun tó máa ń mú òbí ṣe é. Ẹni tí wọn kò fẹ́ fún lórúkọ ló wá di olórúkọ káàkiri Nàìjíríà.

Port Harcourt ni ó ti kọ́ iṣẹ́, lábẹ́ Lord Eddyson àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Starlite Melody Orchestra. Fèrè tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó mú lówó, ohùn sì ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Nígbà tó yá, ó bá àwọn ọ̀gá ńlá ṣiṣẹ́: Sammy Obot, Bobby Benson, Victor Olaiya àti Chris Ajilo. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Nítorí náà, bí àwọn bàbá wa ní Ogunu bá ń fi Olaiya jà, tí ará Rivers ń fi Rex jà, inú agbo kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Lẹ́yìn èyí ni Rex dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Mayors Dance Band. Philips ló ń gbé àwo rẹ̀ jáde, àwọn àwo kéékèèké tí orin kan wà lójú kan, tí òmíràn wà lẹ́yìn. Nígbà tó ṣe, wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn jọ sínú àwo ńlá, irú bíi Rex Lawson's Victories. Ó kọrin ní Kalabari, ó kọrin ní Ìgbò, ó fi Píjíìnì kọrin, ó sì mú èdè mìíràn mọ́ ọn.

Ibí yìí gan-an ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ní orin ijó ni Rex mọ̀ jù, wọ́n á sì dárúkọ Sawale, Yellow Sisi àti Jolly Papa. Wọ́n ní kò sí ìgbéyàwó tó gbóná tí ọ̀kan nínú wọn kò ní dún níbẹ̀. Apá kejì ní ijó lásán nìyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ Rex, kí ó gbọ́ Bere Bote àti So Ala Temem, àwọn orin tí ń rọra lọ, tí wọ́n ń mú Rex alára sunkún. Èmi fara mọ́ apá kejì. Ijó a máa tán lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ohùn yẹn bá sọ fún ọkàn kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tó le ju èyí lọ, tí àwọn bàbá wa kì í fẹ́ pariwo rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, Rivers sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ojukwu kéde Biafra. Rex kọ orin Hail Biafra. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt. Rex tún kọ Gowon Special, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di Rivers Men. Títí dòní, àwọn kan ń pè é ní ọ̀gà tó ń pa àwọ̀ dà. Àwọn mìíràn ní ẹni tó wà láàárín ìbọn méjì kò ní ṣe àṣàyàn orin.

Ohun tí mo rí sí i ni pé ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Kalabari, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, inú ara rẹ̀ ni ogun náà ti jà. Apá ibi tó bá dúró sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan wà ní òdìkejì. Kí á tó dá a lẹ́bi, kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè orin tí òun ì bá kọ.

Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ó ku ọ̀la kí ó pé ọdún kan àti ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1971, tó bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, Rex gbéra láti wá ṣeré ní Warri. Ọkọ̀ ní ìjàǹbá lójú ọ̀nà, Rex sì kú. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Àwọn tó ń retí ìlù gbọ́ òkìkí ikú. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ àbíkú, tó bọ́ lọ́wọ́ ìbọn, ọ̀nà ijó ni ó bá lọ.

Àmọ́ orin rẹ̀ dé Warri, kò sì kúrò níbẹ̀. Ní bí ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Flavour mú Sawale wọ inú Nwa Baby tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ Rex rárá sì ń jó o kiri. Ìlú Warri fúnra rẹ̀ rí ogun tirẹ̀ láti ọdún 1997 títí dé ọdún 2003, nígbà tí Ìṣẹ̀kírì, Ìjọ̀ àti Urhobo kọjú ìjà sí ara wọn. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, àga sì wọlé ní ọgbà wa. Nígbà tí ará rọ̀ díẹ̀, bàbá Ìṣẹ̀kírì kan ló kọ́kọ́ gbé àga rẹ̀ jáde. Àwo Rex Lawson ló fi sórí ẹ̀rọ, orin ọmọ Ìjọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí ojú ewé àkọ́kọ́ tó parí, àga mẹ́rin ti wà níta, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí orin tó dùn jù.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, pé ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ti Rex yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀ kí ó tó lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé ilé ní ìsinmi, ẹ wo inú àpótí àwọn bàbá yín. Bí ẹ bá rí àwo rẹ̀ níbẹ̀, ẹ nù ún, ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ èdè náà, ẹ óò mọ ibi tí ó ti ń sunkún.

Sùn un re o, Erekosima.