Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀pù James Johnson, àti Ọ̀ràn Àjàgà Ọrùn Àwọn Kèfèrí

Ó tọ́, ó sì yẹ, kí ìjọ tí Ọlọ́run dá sí títí di ọgọ́rùn-ún ọdún bojú wo ẹ̀yìn, kí ó rántí àwọn tí wọ́n la ọ̀nà tí òun ń tọ̀. Nínú àwọn bẹ́ẹ̀ mo yan ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kan olúkúlùkù wa tí a fi orúkọ Yorùbá ṣe ìsàmì fún. Òun ni Bíṣọ́ọ̀pù James Johnson, ẹni tí àwọn ènìyàn sọ ní Johnson Mímọ́ nítorí ìwà títọ́ àti àìgbàgbàkugbà rẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí àríyànjiyàn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya Ìjọ àkọ́kọ́ sí méjì. Nígbà tí àwọn Kèfèrí ní Áńtíókù gba Olúwa gbọ́, àwọn kan sọ̀kalẹ̀ wá láti Jùdíà, wọ́n sì ń kọ́ni pé bí a kò bá kọ àwọn Kèfèrí ní ilà gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè, wọn kò lè rí ìgbàlà. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kọ ojú ìjà sí ẹ̀kọ́ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 49 lẹ́yìn ìbí Olúwa, àwọn Àpósítélì àti àwọn àgbà péjọ ní Jerúsálẹ́mù láti wádìí ọ̀ràn náà. Pétérù jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún àwọn Kèfèrí láti ẹnu rẹ̀, Jákọ́bù sì dá a ní ìdájọ́ pé kí a má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu mọ́, bí kò ṣe pé kí wọ́n fà sẹ́yìn kúrò nínú ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà, nínú àgbèrè, nínú ẹran tí a lọ́ ní ọrùn pa, àti nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkọlà kò le ní etí Yorùbá, nítorí pé àwọn baba wa ti ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin kí ìwé Mósè tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibòmíràn ni àjàgà tiwa wà. Ó wà nínú orúkọ, nínú aṣọ, àti nínú ìgbéyàwó. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni. Ǹjẹ́ dandan ni kí Kèfèrí kọ́kọ́ di Júù kí ó tó di ọmọ Ọlọ́run? Ǹjẹ́ dandan ni kí Yorùbá kọ́kọ́ di Òyìnbó? Èwo nínú ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ni ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, èwo ni ó sì jẹ́ àṣà ìlú ẹni tí ó mú Ìyìn Rere wá? Lórí ìbéèrè yìí ni James Johnson lo ayé rẹ̀.

A bí i ní Sàró ní nǹkan bí ọdún 1836. Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó ní ẹrú tí a sì dá sílẹ̀ sí Sàró. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti C.M.S. ní Freetown, lẹ́yìn náà ó lọ sí Kọ́lẹ́jì Fourah Bay. Ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, a sì fi í jẹ oyè díákónì ní ọdún 1863. Ní ọdún 1874 Ẹgbẹ́ C.M.S. rán an wá sí Èkó, ó sì di olùṣọ́-àgùntàn Ìjọ St. Paul's ní Breadfruit. Ní àkókò yẹn, nǹkan bí ogún ọdún ni Àlùfáà James White, tí í ṣe ọmọ Sàró bákan náà, ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa níhìn-ín ní Ọ̀tà, láàrin àwọn Àwórì tí wọ́n ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Egúngún. Nítorí náà ọ̀ràn tí Johnson bá ní Èkó kì í ṣe àjèjì sí àwọn baba wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ni orúkọ. Ní Sàró, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìsàmì fún àwọn tí a dá sílẹ̀, tí í ṣe orúkọ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tàbí ti àwọn olóore ní ilẹ̀ òkèèrè. Bí Àjàyí ti gba orúkọ Samuel Crowther nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ àlùfáà kan ní London. Kò sí ibi nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé orúkọ Òyìnbó jẹ́ apá kan nínú ìgbàlà, àti pé ẹni tí ó bá ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í kò tíì kúrò nínú òkùnkùn. Johnson kọ èyí pátápátá. Ó ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n mú orúkọ Yorùbá wá síbi omi ìsàmì. Ó mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àti pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Orúkọ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ láti kékeré ni ó jẹ́ dé ojú ikú. Kò pa á dà.

Bí a bá ṣí Ìwé Mímọ́, a ó rí i pé ọ̀nà àwọn Àpósítélì ni ó tọ̀. Ọmọ Gíríìkì ni Títù, Títù ni ó sì ń jẹ́ títí. Nínú orúkọ Àpólò ni òrìṣà Gíríìkì kan wà. Nínú ti Epafíródítù ni òmíràn wà. Kò sí ibi tí a gbé kà pé Pọ́ọ̀lù pàṣẹ kí wọ́n yí i padà. Ọkàn wọn ni a tún bí.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1876 C.M.S. fi Johnson ṣe alábòójútó àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá ti òkè, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó láti ọdún 1877. Níbẹ̀ ó bá àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ní ẹrú, àti àwọn tí wọ́n ní ìyàwó ju ọ̀kan lọ. Kò wo ojú ọlọ́lá, kò sì wo ojú olówó. Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹrú níní, kí ọkọ kan ní aya kan, kí ìjọ sì máa san owó tí yóò fi bọ́ àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀, kí ó má baà máa gbé ara lé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ìjọ kùn. Inú àwọn Òyìnbó kan kò sì dùn pé ènìyàn dúdú ni olórí wọn. Ní ọdún 1880 a mú un kúrò ní ipò náà, ó sì padà sí Breadfruit. Wàyí o, ẹni tí ó fẹ́ bọ́ àjàgà Òyìnbó kúrò ní ọrùn wọn ni ó dàbí ẹni tí ó gbé àjàgà mìíràn kà wọ́n ní ọrùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí ìhà méjèèjì. Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú Johnson wí pé bí orúkọ bá jẹ́ àṣà, ìyàwó púpọ̀ pẹ̀lú jẹ́ àṣà. Pé Ábúráhámù, Jákọ́bù àti Dáfídì ní ju ìyàwó kan lọ, Ọlọ́run kò sì kọ̀ wọ́n. Johnson ní tirẹ̀ gbà pé ìgbéyàwó ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin kan kì í ṣe àṣà Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lójú rẹ̀, ètò Ẹlẹ́dàá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni, Olúwa fúnra rẹ̀ sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá kíyè sí i yóò rí ohun ìyanu kan: ní Jerúsálẹ́mù, àwọn tí ó fẹ́ di ẹrù ru Kèfèrí ni ó gbé ara lé Mósè, ní Èkó, àwọn tí ó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ ni ó gbé ara lé Ábúráhámù.

Ní ọdún 1888, àwọn Bíṣọ́ọ̀pù Ìjọ Áńgílíkà láti gbogbo ayé péjọ ní Lambeth ní ìlú London, wọ́n sì pinnu pé kí a má ṣe ìsàmì fún ọkùnrin tí ó bá ní ìyàwó púpọ̀, ṣùgbọ́n kí a máa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ títí yóò fi lè pa òfin Kristi mọ́. Ní ti àwọn ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbà pé ìgbà mìíràn wà tí a lè gbà wọ́n wọlé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1891, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Èkó dá United Native African Church sílẹ̀, wọn kò sì fi ìyàwó púpọ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn retí pé Johnson yóò darapọ̀ mọ́ wọn, nítorí kò sí ẹni tí ó ń pariwo ju òun lọ pé kí Ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó kọ̀, ó dúró sínú ilé tí a bí i sí.

Ní ọdún 1886 ó di ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1894, ó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1899 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn àwọn baba wa. Ní ọdún 1900 a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀pù olùrànlọ́wọ́, a sì fi iṣẹ́ agbègbè ẹnu odò Niger lé e lọ́wọ́. Èyí ni ó fa ìyapa tí ó dùn ún jù lọ. Àwọn ọmọ ìjọ Breadfruit kò fẹ́ kí a já òkùn tí ó so òun àti wọn pọ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀pù Tugwell pàṣẹ ní ọdún 1901 pé kí a kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé àlùfáà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn bínú jáde, wọ́n sì dá Ìjọ African Church sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, ṣùgbọ́n kò bá wọn lọ. Ó lọ sí ibi tí a rán an, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí agbára fi tán, ó sì sùn nínú Olúwa ní Bonny ní ọdún 1917.

Kí ni àwa lè rí kọ́? Èmi tí mo ti di arúgbó nínú iṣẹ́ katikíìsì gbà pé nínú ọ̀ràn orúkọ, Johnson ṣẹ́gun fún gbogbo wa. Lónìí kò sí àlùfáà tí yóò bi òbí léèrè ìdí tí ó fi mú Olúwáṣeun wá síbi omi ìsàmì. Nínú ọ̀ràn ìgbéyàwó, mo gbà pé ibi tí ó ń tọ́ka sí ni ibi tí ó yẹ kí onígbàgbọ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn ìyá àgbà nínú kíláàsì ìsàmì, mo sì mọ ìbéèrè tí ó wà ní ọkàn wọn. Bí ọkọ bá lé ìyàwó kejì jáde kí a lè ṣe ìsàmì fún un, níbo ni obìnrin náà yóò gbé orí lé? Ta ni yóò jẹ́ baba fún ọmọ rẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ tí a kà sí ọkọ ní ọrùn, aya ni ó ru ú. Ní Jerúsálẹ́mù, a gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ó ti wà láàrin àwọn Kèfèrí kí a tó dá ẹjọ́. Ní ọ̀ràn tiwa, ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ti àwọn obìnrin.

Ní ọdún 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, àwọn Bíṣọ́ọ̀pù tún péjọ ní Lambeth. Wọ́n di ọkọ kan aya kan mú gẹ́gẹ́ bí ètò Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹni tí ó ti ní ìyàwó púpọ̀ kí ó tó gbàgbọ́ lè gba ìsàmì àti ìgbọ́wọ́lélórí pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kì yóò tún fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè, bí ìjọ ibẹ̀ bá sì fi ọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí a má ṣe fi ipá mú un lé ìyàwó kankan jáde, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà láwùjọ. Johnson kò rí ọjọ́ náà. Bóyá ìbá jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là ni a gbà dé ibẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀nà bíbéèrè ohun tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run àti ohun tí ó jẹ́ ẹrù ènìyàn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀ràn náà kò tíì tán. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ ní Sango àti ní Ọ̀tà, onírúurú ẹ̀yà ni ó ń wá ṣiṣẹ́ láàrin wa, wọ́n sì ń jókòó sórí àga ìjọ pẹ̀lú wa. Àwa tí a jẹ́ Kèfèrí lánàá ni onílé lónìí. Kí ni a ń béèrè lọ́wọ́ wọn ní ẹnu ọ̀nà? Ṣé ìgbàgbọ́ nínú Olúwa ni, tàbí aṣọ ẹgbẹ́, owó ìkórè, àti ohùn tí ó jọ tiwa? Bí ìjọ yìí yóò bá wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ní ìrọ̀rùn, kí a yẹ ẹrù tí a dì wò, kí a mú ohun tí ó jẹ́ ti Olúwa dání ṣinṣin gẹ́gẹ́ bí Johnson, kí a sì sọ ìyókù kalẹ̀ ní ọrùn àwọn ọmọ wa àti ti àwọn àlejò wa. Kí Ọlọ́run tí ó ran àwọn baba wa lọ́wọ́ ran àwa náà lọ́wọ́. Àmín.